Gásíkẹ́ẹ̀tì Páálí

Kábúrétọ̀ Solex 30 PICT-1 ló bá mánífóòdù Volkswagen 1500 mu, Ìjàpá ayé àtijọ́ un. 34 PICT-3, ti ẹ́ńjìnnì 1600, ẹnu rẹ̀ gbòòrò jù, ihò bóòtù rẹ̀ àti ti mánífóòdù yẹn ò sì ṣe déédéé. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi ń bá wọn làjà. Àmọ́ ta ló ń ra irin? Ọ̀gá mẹkáníìkì ní Sángò, ní Ọ̀tà, á fi fáìlì fẹ ihò, á gé páálí Indomie fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì, á fi gọ́ọ̀mù dí ìyókù. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, epo ò ká a mọ́, ọkọ̀ ń wúkọ́.

“Ẹ fara balẹ̀, Àlájì, wọ́n á mọwọ́ ara wọn.”

Ọkọ̀ kú ní Jójú, ní Ọ̀tà níbẹ̀ náà. Ọ̀gá ní epo ìwòyí ni kò dáa.