Fìlà Ìbàdí

Àga oníke kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà jẹ́ẹ́ lábẹ́ ọmọkùnrin kan ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Kubwa, ní Abuja, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí Nàìjíríà àti DR Congo ń wọ̀yá ìjà ní Rabat. A ò tíì jókòó dáadáa tí Frank Onyeka ti jẹ góòlù kan fún wa. Meschack Elia dá a padà. Wọ́n gbá a títí, ó di pẹnáritì, Chancel Mbemba sì gbá tìkẹyìn wọlé: mẹ́rin sí mẹ́ta. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026 di òde tí a ó máa yọjú wò láti ojú fèrèsé.

Ọmọkùnrin yìí dìde. Ó gbé àga tó ti gbé òun láti ìrọ̀lẹ́, ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ sí mẹ́ta. Ẹnì kejì rí i, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, òun náà la tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ìyá tó ni ilé ìwòran tó dé láti ìdí jẹnẹrétọ̀, àga mẹ́rin ti lọ sọ́run. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó pàdánù pẹnáritì.

Mi ò bá má kọ̀wé torí ìyẹn. Èmi náà ti nalẹ̀ rí nítorí bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló fa kálàmù lé mi lọ́wọ́, lọ́jọ́ tí Arsenal fẹ́ bá Tottenham gbá a. Ọmọkùnrin wa wọlé nínú aṣọ pupa, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò ríbi jókòó. Ló bá figbe ta: "Ẹ̀yin Mọ̀mí, àga yín ò mà kárí o! Ṣé ká sanwó ká tún máa dúró ni?" Obìnrin náà wò ó, ó wò ó pẹ́. "Ọmọ mi," ló wí, "dúró síbi tí àga rẹ wà tẹ́lẹ̀."

Àwọn àgbà ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Orí tó bá ṣẹ èèyàn ni kó bá wí. Fìlà ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Àsọdùn ni mo máa ń pe òwe yìí tẹ́lẹ̀, nítorí pé láyé mi, mi ò rí ẹni tó dé fìlà síbẹ̀ rí. Àfìgbà tí mo di ará Abuja.

Ní Abuja, a dé e ní gbangba, gbogbo ayé ń wò wá. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2022 ni, Ghana ló wá bá wa ní pápá ìṣeré Moshood Abíọ́lá. A ti gbá òdo sí òdo ní Kumasi lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú. Thomas Partey ta bọ́ọ̀lù kan tí kò yára, tí kò le, ó yọ́ gba abẹ́ Francis Uzoho kọjá bí alángbá tó ń wọlé onílé. Troost-Ekong fi pẹnáritì dá a padà. Ọ̀mì ni, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ìgbà náà, góòlù tí àlejò bá jẹ nílé onílé ló wúwo jù. Ghana gba Qatar lọ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Bó bá jẹ́ orí la fẹ́ bá wí lọ́jọ́ náà, orí pọ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ku nǹkan bí oṣù kan, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Gernot Rohr lọ. Wọ́n kéde José Peseiro. Kó tó gbéra, wọ́n ní kí Augustine Eguavoen ṣì bá wọn di ìṣàkóso mú. Tunisia na Eguavoen ní Cameroon, wọ́n ní kó ṣáà máa bá a lọ títí Ghana yóò fi dé. Ghana dé, wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, wọ́n gbé Peseiro kan náà wá, bí ọkùnrin tó yan fìlà lọ́jà, tó fi í sílẹ̀ lórí àtẹ, tó wá sáré padà lọ mú un lẹ́yìn tí òjò ti pa orí rẹ̀ tán. Ti Rohr tilẹ̀ tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè Benin gbà á síṣẹ́, ó sì fi Benin na Nàìjíríà ní méjì sí ọ̀kan ní Abidjan, ní oṣù kẹfà ọdún 2024.

Kò sẹ́ni tó bá orí kankan wí. Èrò ya wọ pápá bí omi tó já ògiri, àwọn ọmọ Ghana sá àsálà, ọlọ́pàá yin tajútajú. Wọ́n fọ́ ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù àfirọ́pò ń jókòó sí yángá-yángá. Pápá tí wọ́n kọ́ de Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà ọdún 2003 ni o, tí wọ́n fi sọrí ọkùnrin tí Áfíríkà ń pè ní Òpó Eré Ìdárayá. Wọ́n ń bínú NFF, wọ́n lọ ba ilé ọmọ Ẹ̀gbá jẹ́. FIFA bu owó ìtanràn 150,000 franc Switzerland lé wa, wọ́n sì ní ká gbá ìdíje kan nínú pápá tí kò ní sí òǹwòran. Ẹni tó fọ́ àga, ìyà rẹ̀ ni pé kó má ríbi jókòó. Ìyá oníwòran ti Kubwa àti FIFA, ilé ẹjọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ.

Ibi kan wà nínú ìtàn yìí tí ẹ̀rín ti kọ̀ mí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje náà, ọjọ́ 28 oṣù kẹta, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Abuja lọ Kaduna dúró. Wọ́n pa èèyàn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èrò wọ inú igbó, oṣù kẹwàá ọdún náà ni èyí tó ṣẹ́ kù lára wọn tó gba ìtúsílẹ̀. Ní ìlú yìí kan náà, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ríbi kó ìbínú wọn dà sí, bọ́ọ̀lù tó gba abẹ́ aṣọ́lé ni wọ́n dà á sí. N ò ní ká lọ fọ́ nǹkan kan torí ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n a gbé ìbínú bí òkè kọjá níwájú orí tó yẹ ká bá sọ̀rọ̀, a lọ fi lu àga pa. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ jẹ́ n padà sí Kubwa, ibẹ̀ ṣì sàn. Lẹ́yìn Rabat, Éric Chelle tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ní ẹnì kan lára àwọn ará Congo ń ṣe oògùn nígbà tí a ń gbá pẹnáritì. Ilé ìwòran wa fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá kan tó jẹ́ díákónì ló kọ́kọ́ fìbínú bèèrè ìdí tí NFF ò fi mú babaláwo dání. Mo rọra ní, ẹ̀yin Dádì, ṣé ẹ rántí pé ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọdún méjì gééré sọ́jọ́ Rabat, ni Lesotho gbá ọ̀mì pẹ̀lú wa ní Uyo? Semi Ajayi ló gbà wá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà sì wà lára àwọn tó pàdánù pẹnáritì ní Rabat. Ta ló ṣe oògùn fún Lesotho? Zimbabwe náà gbá ọ̀mì pẹ̀lú wa ní Uyo. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún sí ti Congo, àwọn ọmọ wa kọ̀, wọn ò ṣe ìgbáradì, nítorí owó tí wọ́n jẹ wọ́n. Ṣé oògùn ló jẹ owó náà? Bàbá náà wò mí bí ẹni ń wo ará Congo.

Ọmọkùnrin alága, mi ò lè bá a ṣọ̀tá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wà, àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò tíì délé ayé ní 1994, ṣùgbọ́n bó bá ń to àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ọdún náà, Rashidi Yekini, Amokachi àti Okocha, ẹ ó rò pé ọba ló ń kì.

Kí ìdíje Áfíríkà ti Morocco tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá, ìyá náà pe káfíńtà. Bẹ́ǹṣì onígi ló wà níbẹ̀ báyìí, ìṣó gígùn ni wọ́n fi kàn án mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin náà ló bá káfíńtà di igi mú. Owó ìwọlé ti fi 100 náírà lé sí i.