Oyin Inú Àpáta àti Àáké Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án

Nínú gbogbo ohun èlò tí àwọn òbí ní Turin, Padua àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Ítálì ń rà fún ọmọ wọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí èyí tó yẹ kí àwọn onímọ̀ jókòó tì bí ẹ̀wù péńpé kan tó fún mọ́ni láyà, tó jọ kọ́mú obìnrin, tó sì ní àpò kékeré kan lẹ́yìn láàárín èjìká méjèèjì. Inú àpò yìí ni ẹ̀rọ kan wà tí kò tóbi púpọ̀ ju páálí ìṣáná lọ, tó ń gba ìròyìn lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, tó sì ń ka iye mítà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ sá, bó ṣe yára tó, iye ìgbà tó ki eré mọ́lẹ̀ lójijì àti iye ìgbà tó dúró. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún àwọn àgbà tí owó oṣù wọn tó ra ilé, ṣùgbọ́n ọjà kì í bèèrè ọjọ́ orí, ó ti wà ní ìwọ̀n àwọn ọmọdé báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á wọ̀ ọ́, á sá, á ṣubú, á dúró wo ẹyẹ tó ń fò kọjá, ẹ̀rọ á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ìgbà tó sá lọ tọ̀ nídìí igi. Tó bá di alẹ́, bàbá á ṣí fóònù, á wo àwòrán aláràbarà tí ẹ̀rọ yà fún un, á sì fi ohùn onímọ̀ sọ fún ìyá pé agbára ọmọ yìí lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ní ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ẹ̀rọ kò kọ sílẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni eyín iwájú ọmọ náà ká.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, wọ́n sì fi ń gba ẹni tó dáwọ́ lé iṣẹ́ takuntakun níyànjú pé kó má ṣe ṣàánú irinṣẹ́ rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ ohun tó ń wá. Òwe náà kò ní ẹ̀bi kankan lọ́rùn. Àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pa á gbà, láìsọ ọ́ jáde, pé ẹni tó fẹ́ jẹ oyin ló ni àáké. Kò ro ti ọjọ́ tí bàbá kan yóò dúró sẹ́yìn wáyà pápá ní Padua, tí yóò máa pọ́n ẹnu lá nítorí oyin, tí àáké tó ń fi lu àpáta yóò sì jẹ́ orúnkún ọmọ rẹ̀.

Lílu àpáta yìí ní ìlànà tirẹ̀. Àjọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ilẹ̀ Ítálì pín àwọn ọmọdé sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sì pe àwọn tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní Pulcini, ìyẹn òròmọdìẹ. Kóòṣì wọn, tí gbogbo ará Ítálì ń pè ní 'mister' bó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí kò gbọ́, ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kó fi eré kọ́ wọn léré. Ìdíje wọn kò ní àtẹ tó ń fi ẹgbẹ́ kan sókè, tó ń fi òmíràn sísàlẹ̀, nítorí àjọ náà mọ̀ pé òròmọdìẹ kò nílò rẹ̀. Àwọn bàbá ló nílò rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe tiwọn sórí fóònù, wọ́n ń fi góòlù kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó èsúsú. Ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí kùrukùru àfonífojì odò Po kò tíì ká, wọn á ti tò lọ bẹẹrẹ sẹ́yìn wáyà pápá oníkoríko àtọwọ́dá, irú èyí tí ẹ̀rún rọ́bà dúdú inú rẹ̀ ń bá ọmọ wọ bàtà délé, tó ń bá a dé orí ibùsùn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti kan pátákó mọ́ wáyà náà láti rán òbí létí pé ọmọdé ni àwọn tó wà nínú pápá, pé eré sì ni wọ́n ń ṣe. Abẹ́ pátákó yìí gan-an ni bàbá ọmọ Turin ti ń bú adájọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé ìwé, tí bàbá tó ti Ìbàdàn wá sì ń fi èdè Ítálì bá mister wí, tó tún ń fi Yorùbá kún un fún ọmọ: "Túndé, ṣé o ò jẹun ni? Gbá a jàre!" Ìyá rẹ̀ kò lè dá sí i, ó ń ya fídíò tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí bàbá àgbà.

Ohun tí àwọn oníṣòwò ń tà lábẹ́ orúkọ ìgbáradì fún eléré ìdárayá kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni, tó dá lórí bí a ṣe ń mú kí iṣan ọmọ lágbára, kó mọ bó ṣe ń fò kó sì balẹ̀ láìṣẹ́ ẹsẹ̀, kó mọ bó ṣe ń yí padà, kó jẹun, kó sì sùn. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá fi sùúrù kọ́ ọmọdé, àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Òmùgọ̀ ibẹ̀ ni kí wọ́n mú ètò tí wọ́n ṣe fún àgbà, kí wọ́n gé e kúrú bí ẹni gé ṣòkòtò, kí wọ́n sì fi wọ ọmọ. Egungun ọmọdé kò tíì parí: ní ìgbẹ̀yìn egungun gígùn kọ̀ọ̀kan ni apá rírọ̀ kan wà níbi tí egungun ti ń dàgbà, apá yìí ni kì í sì í fẹ́ ìnira nígbà tí ọmọ bá ń ga lójijì, èyí tó máa ń jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 12 fún obìnrin àti 14 fún ọkùnrin. Bí ó bá ń sáré, tó ń fò, tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ láìsinmi, okùn iṣan itan á máa fa ibi rírọ̀ tó wà nísàlẹ̀ orúnkún títí yóò fi wú, tí yóò sì máa ro ó bó bá kúnlẹ̀. Dókítà méjì, Osgood ní Amẹ́ríkà àti Schlatter ní Switzerland, ló ṣàlàyé àìsàn yìí ní ọdún 1903, wọ́n sì fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é títí dòní. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìmọ̀ náà ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ìtọ́jú tí ọmọ ń rí gbà lẹ́yìn wáyà ni "ṣe bí ọkùnrin."

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní ọdún 2016 pé ó sàn kí ọmọ má ṣe gbájú mọ́ eré kan ṣoṣo títí yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 tàbí 16, kó máa ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tí kò níí fọwọ́ kan eré náà, kó sì yẹra fún un fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òbí tó san owó ọdún kan sílẹ̀ fún kóòṣì aládàáni kò lè ka irú ọ̀rọ̀ yìí kí inú rẹ̀ dùn.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ kò lè wọ̀n, òun ló sì ń yan èyí tó pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ ẹlẹ́bùn. Ọdún ìbí ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí ọ̀wọ́, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí nínú oṣù kìíní ń bá èyí tí wọ́n bí nínú oṣù kejìlá ọdún kan náà díje, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan jù ú lọ. Ó ga jù ú, ó wúwo jù ú, ó sì ń ta á dànù; mister á mú un, á fún un ní àyè púpọ̀ sí i, á sì kọ́ ọ dáadáa sí i, títí tí ìyàtọ̀ ọjọ́ orí yóò fi di ìyàtọ̀ ìmọ̀. Kánádà ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí èyí láàárín àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín, láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n sì ti rí i nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ítálì pẹ̀lú. Bàbá tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ yìí kò nílò sátẹ́láìtì kankan. Kó lọ ka ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Turin gan-an ni ibi tí àwàdà náà ti ga jù. Láti ọdún 2021 ni ìdíje àṣekágbá àwọn agbátẹ́níìsì ọkùnrin ti ń wáyé níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá, Jannik Sinner tó jẹ́ ọmọ Ítálì sì gba ife rẹ̀ ní ọdún 2024 àti 2025. Àwọn òbí gbé ọmọ sí èjìká, wọ́n ṣẹ́wọ́ sí i, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé ọmọ ọdún mẹ́fà yóò bẹ̀rẹ̀ tẹ́níìsì lọ́jọ́ Ajé, eré yẹn nìkan, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀rùn. Sinner tí wọ́n lọ wò, ọmọ abúlé Sesto lórí òkè ni. Ó ń fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín débi pé ó gba ipò kìíní lórílẹ̀-èdè láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ọmọ ọdún 13 ló sì jẹ́ kó tó fi ìyókù sílẹ̀ fún tẹ́níìsì. Paola Egonu, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bí sí Cittadella ní agbègbè Padua ní ọdún 1998, ti lé ní ọmọ ọdún 11 kó tó bẹ̀rẹ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù. Ní Paris ní ọdún 2024, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ nígbà tí Ítálì gba wúrà àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú eré náà ní Òlíńpíìkì. Èyí tó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni Ayọ̀mídé Fọlọ́runṣọ́, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1996, tó bá àwọn òbí rẹ̀ dé ìlú Fidenza ní ọdún 2004, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Parma bó ṣe ń fo igi ìdènà nínú eré sísá oní-mítà 400. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn ọlọ́pàá Ítálì, Fiamme Oro, tí ẹ̀ka eré sísá rẹ̀ wà ní Padua, ló ń sá fún. Ó gba wúrà nínú ìdíje àgbáyé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ifáfitì ní ọdún 2017 àti 2019, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 53.89 gbé àmì tuntun kalẹ̀ fún Ítálì ní Budapest ní ọdún 2023. A kò gbọ́ pé wọ́n fi ẹ̀rọ wọn iṣẹ́ ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́ta yìí kí eyín rẹ̀ tó pé.

Padua kan náà ni wọ́n ti wo ẹnu àáké gidi. Ní ọdún 1988, Gaetano Thiene àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ifáfitì ìlú náà tẹ ìwádìí kan jáde lórí 60 ènìyàn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35, tí ikú òjijì pa ní agbègbè Veneto, wọ́n sì rí i pé 12 nínú wọn ní àìsàn abẹ́nú kan tó ń sọ iṣan apá ọ̀tún ọkàn di ọ̀rá àti àpá. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù kejì ọdún 1982, ìjọba ti pàṣẹ pé ẹni tó bá ń díje gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, títí kan èyí tí ẹ̀rọ fi ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Domenico Corrado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006: ikú òjijì láàárín àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá ní Veneto lọ sílẹ̀ láti ènìyàn 3.6 nínú 100,000 lọ́dún sí 0.4, ìyẹn ni pé ó fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nínú 42,386 tí wọ́n yẹ̀ wò ní Padua, 879 ni wọ́n ní kó má díje nítorí ọkàn wọn. Ìwé àyẹ̀wò yìí kò ní àwòrán aláràbarà, kò sì ṣeé fi yangàn lórí WhatsApp, nítorí náà bàbá tó ń wo fóònù lálaalẹ́ kì í rántí ibi tó fi í sí, á ní ó dà bíi pé orí fìríìjì ni.

Ó yẹ kí a ṣàánú bàbá náà pẹ̀lú, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Òfin 91 ti ọdún 1992 sọ pé ọmọ tí àlejò bí sí Ítálì gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ láìjáde títí yóò fi pé ọmọ ọdún 18 kó tó lè béèrè pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀. Òfin 12 ti ọdún 2016 gbà kí ọmọ tó ti ń gbé ibẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́wàá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá bíi ti onílẹ̀, àmọ́ aṣọ orílẹ̀-èdè kò ṣeé wọ̀ láìsí ìwé ọmọ onílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ará ìlú ní oṣù kẹfà ọdún 2025 láti dìbò lórí bóyá kí wọ́n dín ọdún mẹ́wàá tí àgbà fi ń dúró kù sí márùn-ún, àwọn tó jáde kò tó ìdajì, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ẹni tí gbogbo ilẹ̀kùn tì mọ́ níta kò jẹ̀bi bó bá ń fojú sí ihò tí bọ́ọ̀lù lè gbà wọlé. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó mọ ìrètí yìí, tó ń tà á fún un lóṣooṣù, tó ń sọ fún agbálẹ̀ àti agbẹ́rù pé bí ọmọ kò bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méje, ó ti pẹ́ jù. Irọ́ ni, olè sì ni.

Láti nǹkan bí ìdajì oṣù kẹfà títí di ìdajì oṣù kẹsàn-án ni ilé ìwé Ítálì máa ń wà ní títì, oṣù mẹ́ta tí àwọn dókítà ọmọdé béèrè fún sì wà nínú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Kí òbí tó wà ní Turin àti Padua má ṣe fi ibùdó ìgbáradì kún un lọ́dún yìí. Kí ó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò ọkàn, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ.