Iṣẹ́ Wo Lẹ Ń Ṣe?

Tí ẹ bá bi ará Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú wa, léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ wá àga jókòó. Olùkọ́ ni láàárọ̀, àgbẹ̀ ni nírọ̀lẹ́, télọ̀ ni tí iná bá wà. Tí iná ò bá sí, ó ń kọ́ kéèkì ṣíṣe lórí YouTube, lórí fóònù tí bátìrì rẹ̀ ń pọ̀kàkà ikú. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Wọn ò tíì rí owó-oṣù olùkọ́ nígbà náà.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, gbígbin ànàmọ́ ló níwà jù. Ọ̀fà tó múlé tì wá ni wọ́n mọ̀ mọ́ ànàmọ́, àmọ́ ilẹ̀ tiwa náà gbà á. Ẹ gé ìtàkùn rẹ̀, ẹ rì í sórí ebè, ẹ gba ìpàdé àwọn òbí lọ. Ní bí oṣù mẹ́rin, ó ti ta. Ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ni ọ̀tá rẹ̀: iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ewúrẹ́ kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì.

Kéèkì ló le. Olùkọ́ inú fóònù ní ká gbé e sínú ààrò oníná fún 40 ìṣẹ́jú. Ẹ gbọ́, iná 40 ìṣẹ́jú! Àbúrò mi da iyanrìn sínú ìkòkò, ó gbé e ka èédú. Òkè kéèkì funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò ọ̀hún. Ọkọ rẹ̀ jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn gan-an, ó wá rọra béèrè bóyá ànàmọ́ ṣẹ́kù.