Káàdì Ìpè, Ọmọ Ṣómólú

Káàdì ìpè ìgbéyàwó, ìwọ tí wọ́n ń pè ní IV, mo wá kì ọ́. Àwọn akéwì tó mọ iṣẹ́ ń ki ọba, wọ́n ń ki ọdẹ tó pa erin, wọ́n ń ki olówó tó lè ná owó mọ́ wọn níwájú orí. Èmi ò rí ọba kì, n kò mọ ọdẹ kankan, àwọn olówó tí mo mọ̀ sì ti ní akéwì tiwọn. Ìwọ ni mo rí lórí tábìlì, o nà gbalaja, wúrà yí ọ létí ká, ríbọ́ọ̀nù wà lọ́rùn rẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Ó yá, gba tìrẹ:

IV ọmọ Ṣómólú, pẹlẹbẹ lọ́wọ́, wúwo lápò.
Alétí-wúrà tí kò lè san gbèsè ọgọ́rùn-ún náírà.
Apènìyàn-tán tó tún fi géńdé sẹ́nu ọ̀nà.
A-wí-mẹ́wàá-ṣe-kan: aago mẹ́wàá géérégé lo kọ,
aago kan ọ̀sán, ìyàwó ṣì ń lẹ irun ìpéǹpéjú.

Oríkì tí kò ní orílẹ̀, ariwo lásán ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú un délé. Ìwọ kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1854 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn tó jáde fún àwọn ará Ẹ̀gbá ní 1859. Nígbà tó di 1884, òfin ìgbéyàwó alárédè dé sí Èkó: ọkọ kan, aya kan, ìwé ẹ̀rí kan. Ẹ̀rọ ni bàbáńlá rẹ, òfin ni ìyáńlá rẹ. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú Èkó ayé ọjọ́un ló fojú àwọn méjèèjì mọra wọn, ìwọ ni wọ́n sì rí gbé jáde. Townsend ì bá mọ̀, bóyá ì bá ti ẹ̀rọ rẹ̀ sódò Ògùn.

Ṣómólú ni ilé rẹ báyìí, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún lójúlé-dójúlé. O ní ẹbí ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn náà. Wọ́n á gé ọ, wọ́n á ká ọ, wọ́n á fi wúrà tí kì í ṣe wúrà tẹ̀ ọ́ létí. Ṣùgbọ́n kí o tó dórí ẹ̀rọ, ogun ti jà lórí rẹ. Orúkọ ta ni yóò ṣíwájú? Bàbá ìyàwó ní Olóyè ni òun kí òun tó di Ẹ̀ńjíníà, wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ̀kan kúrò. Àǹtí rẹ̀ ní kí wọ́n fi Díákónì kún un, nítorí ìyẹn ni Ọlọ́run mọ̀. Ìyàwó kejì tí bàbá fẹ́ ní òun lòún san owó ilé ìwé ọmọ, kí wọ́n kọ orúkọ òun. Ìyá tó bímọ ní kò burú, kí wọ́n kọ ọ́ o, kí wọ́n kàn ṣáà bá òun wá ọmọ mìíràn tí òun yóò lọ sí ìgbéyàwó tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan. Ó ń pa rẹ́, ó ń tún un kọ, iná sì lọ. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ọ́ tán pátá ni wọ́n tó rí i pé wọ́n ti kọ "Olóògbé" síwájú orúkọ bàbá ọkọ, bàbá tó ń jẹ iyán lọ́wọ́ nílé. Bàbá àgbà tó kú lóòótọ́, wọn ò kọ nǹkan síwájú tirẹ̀. Òun ló ń pe gbogbo wa wá síbi àsè.

A-jí-òkú-dìde láì dé ibojì.
A-gbé-alààyè-sin láì gbẹ́lẹ̀.
A-fi-òbí-kún-ojú-ìwé, tọkọtaya ń wá orúkọ ara wọn nísàlẹ̀.

Òtítọ́ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, torí pé iṣẹ́ kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ jọ ń ṣe. Wọ́n ní ìpè ni ọ́, àmọ́ bí mo ṣe kà ọ́ sí, oríkì ni ọ́. Òbí méjì-méjì lo ń kì, pẹ̀lú oyè, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìrìn àjò Mẹ́kà. Àyè tó bá ṣẹ́ kù lo fi ń sọ pé ọmọ wọn fẹ́ gbéyàwó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni pé, wọ́n sanwó fún ọ kí o tó lanu.

O kì í sì í dá wá. O ti rí aṣọ ẹbí mú lọ́wọ́: iye gèlè, iye fìlà, nọ́ńbà báńkì, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọ̀ tí o dárúkọ kò sì sí ní ọjà kankan. Ìyá aláṣọ ní ọjà Gbági yí ọ sókè yí ọ sódò, ó ní, "Ọmọ mi, àwọ̀ ewé ni wọ́n fẹ́ tàbí àwọ̀ ewé tó ti ń kú lọ?"

Ibi tí mo ti júbà rẹ jù lọ ni ilé àwọn àgbà. Gẹ̀ẹ́sì gidi lo fi bá màmá sọ̀rọ̀, màmá tó jẹ́ pé Ìjẹ̀bú nìkan ló gbọ́. Màmá gbà ọ́, ó fi ọ́ há ẹ̀yìn aago ògiri, ó wá bèèrè pé, "Ta ni wọ́n wá rán sí mi? Ṣé kò sí ẹnu lẹ́nu wọn ni?" Nílé wa, ẹnu ni wọ́n fi ń pe àgbà. Ẹnìkan á dìde, á mú obì dání, á kúnlẹ̀, á ní wọ́n ní kí òun wá sọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí ìyá ìyàwó, lẹ́yìn tó ti tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ, tún fi ń gun ọ̀kadà láti ilé dé ilé. O bá a lọ o, inú báàgì lo wà.

Àbúrò rẹ tó ń gbé orí WhatsApp kò ní ìtìjú rárá. Òdòdó ń já bọ́ lójú rẹ̀, orin ń lọ lẹ́yìn, àrokò kan náà ló ń fi sẹ́nu: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á bí ẹni pé èmi fúnra mi ni mo gbé e wá. Ó dé ọ̀dọ̀ púlọ́ńbà, ó dé ọ̀dọ̀ onílé àtijọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àfẹ́sọ́nà àná. Ó tún ní háṣítáàgì lórí: láti ìgbà tí akọrin Banky W àti òṣèré Adesua Etomi ti sọ ìgbéyàwó wọn ní #BAAD2017, kò sí orúkọ ọkọ tí wọn ò lè dá lápá kí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ ti ìyàwó.

Ta ló tiẹ̀ ń kà ọ́? O kọ nọ́ńbà ìbátan méjì sísàlẹ̀, o ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ pè wọ́n ṣáájú. Ẹnikẹ́ni ò pè. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni fóònù ń dún: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti dé ilé epo, ṣé kí n yà sọ́tùn-ún?" Àwòrán ọ̀nà sì wà lẹ́yìn rẹ! Ibì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí wọ́n ti ń kà ọ́ láti òkè délẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ ti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní Òṣogbo mú ọ lọ bá àwọn tó ń fúnni ní físà, wọ́n á kà ọ́ dáadáa, wọ́n á ní rárá.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni agbára rẹ wà, àbí? "Ẹni tí a bá pè nìkan." Àbúrò bàbá ìyàwó dúró sínú oòrùn, ó gbàgbé rẹ sílé, géńdé ò jẹ́ kó wọlé. Mo-gbọ́-mo-yà gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá, ó bá onílù wọlé, ó ti ń bèèrè ẹran kejì.

Mo ti kì ọ́ tó. Akéwì kì í lọ lọ́wọ́ òfo, n kò sì fẹ́ owó rẹ. Ti Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni kí o bá mi ṣe. Wọ́n kọ "ẹni kan ṣoṣo" sí ọ lára, mo rí i. Àwa márùn-ún là ń bọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa wa ọkọ̀, ẹ má sì tíì gbé ìrẹsì kúrò nílẹ̀.