Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Fa Omi

Àyẹ̀wò ilé àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ tà ní Ore tàbí ní Odigbo kò le rárá. Ẹ wo ọ̀dà. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo POP. Ẹ ní kí lọ́yà yẹ ìwé ilẹ̀ wò, kí gbogbo ẹbí tó ń tà á sì jókòó buwọ́ lùwé, nítorí ọmọ ìyàwó kẹta lè ti Cotonou dé lọ́dún tó ń bọ̀ kó ní wọn ò bi òun. Ẹlòmíràn á tún mú wòlíì dání. Wòlíì á rí àjẹ́ lábẹ́ igi àgbọn. Páìpù tó ti bẹ́ lábẹ́ yàrá ìyá àgbà ni kò ní hàn sí i.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè páìpù. Bí ẹ bá fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níṣojú onílé, yóò wò yín bí ẹni tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wò.

Ajẹ́ńtì kan mú mi lọ wo ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí ti wà kí ogun tó dé Ore ní 1967. Ogun ò mì ín." Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Biafra tó dé Ore ní oṣù kẹjọ ọdún náà kò lè bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣálángá wà, òun àti balùwẹ̀ onípáànù. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì wọlé, tí gbajúmọ̀ kò fẹ́ gbé fìtílà lọ sẹ́yìnkùlé mọ́, ni wọ́n sọ yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n fọ́ ilẹ̀, wọ́n tẹ páìpù gba abẹ́ yàrá méjì kọjá, wọ́n da kọ́ńkéré lé e. Orí púlọ́ḿbà nìkan ni àwòrán iṣẹ́ náà wà, púlọ́ḿbà sì ti kú. Ṣálángá ńkọ́? Wọ́n kó pàǹtírí dí i, wọ́n kọ́ yàrá àlejò lé e. Ibẹ̀ ni ajẹ́ńtì ní kí n máa sùn. Ó ní ó tutù.

Páìpù irin ayé ìgbà yẹn, inú ló ti ń dípẹtà. Ẹ lè so màlúù mọ́ ọn láti ìta, kí omi pupa sì máa kán tó-tó-tó nínú. Páìpù ìgbẹ́ tún burú jù: oní-íńṣì 4 yẹ kó fi bí íńṣì 1 rẹlẹ̀ nínú gbogbo íńṣì 40 tó bá rìn. Bí ilẹ̀ bá ti rì lábẹ́ rẹ̀, ẹrù á dúró lọ́nà. Mo tún rí kànga àti sókàwéè lẹ́yìnkùlé. Wọ́n a máa ní kí mítà 30 wà láàárín wọn; n kò rìn tó ogún ìṣísẹ̀. Ajẹ́ńtì ní àwọn méjèèjì ti mọra tipẹ́.

Ìlú tí èrò bọ́ọ̀sì Èkó sí Benin àti Onitsha ti ń sọ̀kalẹ̀ jẹun, tí wọ́n sì ń tọ̀, ló ń hu irú ìwà yìí o! Ta ló tún yẹ kó mọ ibi tí omi ń gbà lọ jù wá lọ?

Ọmọ wa tó wà ní London náà kò gbẹ́yìn. Bó bá fẹ́ ra ilé ní Peckham, á sanwó fún ẹni tí yóò ki kámẹ́rà bọ páìpù ìdọ̀tí, bóyá gbòǹgbò igi ti wọ̀ ọ́, bóyá ó ti sán. Ọmọ yìí kan náà á ra ilé ní Ore lórí WhatsApp, kámẹ́rà ò sì ní kọjá pálọ̀.

Èmi ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, mo sì fa ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ilẹ̀ kùn. Lẹ́yìn náà ni omi dúdú rú jáde láti ihò balùwẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá wa ní pálọ̀. Ajẹ́ńtì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ní ìdí nìyí tóun fi fẹ́ràn oníbàárà òkè òkun: wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan.