Ẹṣin, Àkùkọ àti Ìjàpá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ẹṣin òkè Ọya, Àkùkọ ìlà-oòrùn àti Ìjàpá tìrókò ìwọ̀-oòrùn, ọkọ Yánníbo.

Ọdẹ òyìnbó ló so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ okùn kan ní 1914, kò bi ẹnì kankan. Nígbà tó ń lọ ní 1960, kò mú okùn rẹ̀ dání. Ní 1962, wọ́n ní kí àwọn ka orí ara wọn. Kálukú ka òjìji mọ́ ara. Wọ́n tún un kà ní 1963, òjìji tún gùn sí i. Ti Ìjàpá tilẹ̀ yàtọ̀: ìbò 1965, òun ló jí i mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, ló bá ń da bẹntiróòlù sí ilé ara rẹ̀, ó ń pariwo "wẹ́tìẹ̀".

Lóru ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ogun pa àwọn àgbà. Ẹṣin ka òkú, agbára káká ló fi rí ìyẹ́ kan níbẹ̀. Ní oṣù keje, àwọn ọmọ rẹ̀ gbẹ̀san. Ó ṣe díẹ̀, òròmọdìẹ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n ń pa ní Kano, ní Jos. Ibí yìí ni mi ò ti lè fi àlọ́ mi ṣeré. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá mi, mo ti Kano dé o
*Jàngbálá jan*
Ìyẹ́ mi ṣẹ́kù sọ́jà
*Jàngbálá jan*
Ẹ̀gbọ́n mi ò rí ọkọ̀ wọ̀ o
*Jàngbálá jan*
Ẹ bi Ẹṣin, kí ni mo jẹ?
*Jàngbálá jan*

Ní oṣù kìíní 1967, wọ́n lọ ṣèpàdé ní Aburi ní Gánà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò ní fi ìbọn yanjú ọ̀rọ̀. Àkùkọ délé, ó ní, "A ti gbà pé ká dẹ okùn." Ẹṣin délé, àwọn akọ̀wé rẹ̀ bi í pé, "Okùn wo?" Ìpàdé kan, àdéhùn méjì. Ìjàpá ní, "Bí Àkùkọ bá lọ pẹ́nrẹ́n, èmi náà lọ."

Epo abẹ́ ilẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, Ẹṣin gé igbó sí 12, ó yọ ibi tí epo pọ̀ sí kúrò lábẹ́ ìyẹ́ Àkùkọ. Ní ọjọ́ 30, Àkùkọ kọ: ilẹ̀ Biafra ti mọ́!

Ọjọ́ 6 oṣù keje ni ìbọn dún. Ẹṣin ní kì í ṣe ogun, iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán ni. Ọlọ́pàá wo ló ń gbé àgbá lọ mú adìẹ?

Ìjàpá ńkọ́? Ó ti fa orí wọ inú ìkarahun. Nígbà tó máa yọ ọ́, àpò owó Ẹṣin ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Àkùkọ sọdá odò Ọya, ó gba Benin, ó já sí Ọ̀rẹ̀. Ìjàpá figbe ta:

"Àkùkọ! Bí o bá lọ ni mo wí, mi ò ní bí o bá ń bọ̀!"