Àfojúbà Tó Ń Fọ́ni Lójú

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni àgbà sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà ń sọ ọ́, kò tíì sí fóònù tó ń sọ gbogbo ayé di ẹlẹ́rìí. Lórí ọ̀rọ̀ yìnyín tó bo ojú òkun Arctic ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, àwọn ẹlẹ́rìí òde òní fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju yìnyín ọ̀hún lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2015, Sẹ́nétọ̀ James Inhofe gbé ìṣù yìnyín kan wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ní ìta ni ó ti wá, òtútù sì ń mú, ó wá jù ú láàárín gbọ̀ngàn kí ayé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ooru tí wọ́n ń pariwo kì í ṣe òótọ́. Àfojúbà pọ́ńbélé! Àwọn tó wà lódìkejì náà kò gbẹ́yìn. Ní 2017, National Geographic gbé fídíò béárì funfun kan jáde, ó rù kan eegun, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní àríwá Kánádà, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé bí ìyípadà ojú ọjọ́ ṣe rí nìyí. Ayé sunkún. Nígbà tó di 2018, ìwé ìròyìn náà gbà pé àwọn ti sọ àsọdùn, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àìsàn ni, ọgbẹ́ ni, àbí ogbó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yìnyín òkun Arctic kò ṣeé fi ojú rí láti orí ìdúró. Ó ń gbòòrò nígbà òtútù, ó ń súnkì títí di oṣù kẹsàn-án, lọ́dọọdún. Láti 1978 ni àwọn sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n láìsinmi, nínú kùrukùru àti nínú òkùnkùn tó máa ń gba oṣù mélòó kan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé yìnyín oṣù kẹsàn-án ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní 1980 ó ju mílíọ̀nù 7 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ní 2012, ó lọ sílẹ̀ débi tí kò tó mílíọ̀nù 3.5 mọ́. Ní 2013 ó tún lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 5, làwọn ìwé ìròyìn kan ní Britain bá fò fáyọ̀ pé yìnyín ti padà dé. Àwọn mìíràn sì ti fi ìwé ìròyìn tan án ká ṣáájú pé kò ní ṣẹ́ kù rárá lẹ́ẹ̀rùn 2013. Ọdún kan ṣoṣo ló tan igun méjèèjì jẹ.

Àwọn alátakò á ní béárì funfun pọ̀ sí i. Níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni, torí ìbọn ló ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣàdéhùn ní 1973 láti dín ọdẹ kù. Ní àwọn erékùṣù Svalbard wọ́n ṣì sanra. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀ oòrùn Hudson Bay ní Kánádà, níbi tí béárì ti ń gbààwẹ̀ ní èbúté títí yìnyín tó fi ń dọdẹ ẹran omi yóò fi dì, 842 tí wọ́n fojú bù ní 2016 ti di 618 ní 2021. Ní ìpẹ̀kun gúúsù ńkọ́? Lẹ́bàá òkun Bellingshausen ní 2022, yìnyín fọ́ mọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ pẹ́ńgúìnì lábẹ́ kí ìyẹ́ tí omi kò lè wọ̀ tó hù lára wọn, ní ibùdó mẹ́rin nínú márùn-ún. Kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀. Àbàwọ́n ìgbẹ́ wọn lórí yìnyín ni sátẹ́láìtì ń rí, òun náà ló sì rí i nígbà tí àbàwọ́n pòórá.

Ẹnìkan lè bi mí pé, àwọn Inuit tó ń gbé ní Arctic ńkọ́? Ọdẹ tó ti ń gún yìnyín wò láti kékeré kó tó gbẹ́sẹ̀ lé e, tó sì mọ oṣù tí baba rẹ̀ ń sọdá, òun gan-an ni òwe yẹn ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ọkọ̀ òfuurufú débẹ̀ lánàá kò sí nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní láìsí àwòrán, ta ni yóò gbọ́? Wọ́n gbọ́ ti béárì inú fídíò yẹn lóòótọ́. Nígbà tí ìtàn rẹ̀ yẹ̀, àwọn alátakò rí ẹnu fi sọ pé gbogbo ìṣirò náà jẹ́ àsọdùn. Ní 2025, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé iléeṣẹ́ ológun kò ní fún àwọn onímọ̀ ní ìsọfúnni sátẹ́láìtì tí ọ̀pọ̀ ìṣirò yìnyín yìí dúró lé mọ́, kí wọ́n tó sún ọjọ́ tí yóò dópin síwájú. Kò sí béárì nínú ìròyìn yẹn. Ojú ìwé wo lẹ rò pé wọ́n fi í sí?